Ògiri tó ń gba iyẹ̀pẹ̀ dúró: ṣé gíráòtù fífúyẹ́ lè di róòdù mú nínú búlọ́ọ̀kù?

Bíríkìlà Apàkẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí n tó lọ san owó ẹrù.

Ilé tí mò ń kọ́ lọ́wọ́ wà lápá Apàkẹ́ níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́, ẹ̀yìn ga ju iwájú lọ. A ti gé e wọlé kí ìpìlẹ̀ lè jókòó, ó wá ku ògiri tí yóò gba iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìn dúró kó má ya lu ilé. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, gígùn rẹ̀ tó mítà méjìlá. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣe é: búlọ́ọ̀kù náìnì íǹṣì, róòdù 12 milimítà láti inú ìpìlẹ̀ wá sókè nínú ihò búlọ́ọ̀kù, kí a wá fi gíránáìtì wẹ́wẹ́ po kọnkéré olómi, èyí tí wọ́n ń pè ní gíráòtù, kí a dà á sínú ihò títí yóò fi kún.

Àfi bí Alàájì tó ni ilé, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ṣe fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn lọ́hùn-ún, gíráòtù fífúyẹ́ ni àwọn ń rí tí wọ́n ń dà sínú búlọ́ọ̀kù, pé agbára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti olókùúta, kò sì wúwo. Ó ní ilẹ̀ Apàkẹ́ níbí rọ̀, ẹ̀rù ń bà á kí ògiri má rì, nítorí náà kí n lo èyí tó fúyẹ́. Mo béèrè òkúta fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń pò ó kiri títí dé Tákíé, kò sí ẹni tó mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ iṣẹ́ mi ló wá ní ṣebí èèpo ẹkùrọ́ fúyẹ́, ó pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọ́ ẹkùrọ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti gíránáìtì. Alàájì gbọ́, inú rẹ̀ dùn.

Ọkàn tèmi ò balẹ̀. Ṣé irú gíráòtù bẹ́ẹ̀ lè di róòdù mú nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bá ń ti ògiri? Tí kò bá sì lè ṣe é, kí ni kí n sọ fún Alàájì tí kò fi ní rò pé owó gíránáìtì ni mo fẹ́ jẹ?

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù, Ọ̀wọ́dé Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ gíráòtù, màá fi sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Tèmi ni búlọ́ọ̀kù.

Ìlànà Nàìjíríà, NIS 87, ní kí búlọ́ọ̀kù tó máa gbé ẹrù ní agbára 3.45 N/mm² ó kéré tán, kí èyí tí kò gbé ẹrù ní 2.5. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì kò dé ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ gbé mélòó kan lọ sí láàbù kí wọ́n fọ́ ọ kí ẹ tó ra gbogbo rẹ̀. Tí búlọ́ọ̀kù bá jẹ́ yanrìn lásán tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì han ojú rẹ̀, gíráòtù ibi yòówù kó ti wá, kò ní gbà yín. Ẹ wo ihò rẹ̀ náà. Àwọn kan ti sọ ihò di tóró nítorí pé móòdù wọn ti gbó, ibi tí róòdù àti kọnkéré yóò gbà wọlé kò sí mọ́.

Ẹnjiníà Under G

Ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, ẹ kú làálàá. Alàájì kò parọ́ o. Ibi tó fẹ́ lò ó sí ni kò bá a mu. Ẹ jẹ́ ká fi bírò ṣírò rẹ̀, kí ẹ lè ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sí i, nítorí ẹni tó wà lókè òkun, nọ́ńbà ló ń gbà gbọ́.

Òkúta fífúyẹ́ tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, amọ̀ ni, tàbí òkúta ṣéèlì, tàbí sílétì, tí wọ́n kó sínú ààrò ńlá tó gbóná tó 1,000 sí 1,200 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Inú iná yẹn ló ti ń wú, tí afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, tí ara rẹ̀ yóò sì le. Ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà, ASTM C330, ló sọ irú èyí tó yẹ fún kọnkéré tó ń gbé ẹrù. Èyí tó wà fún gíráòtù inú búlọ́ọ̀kù, ASTM C476, ní kí agbára gíráòtù tó 2,000 psi, tí í ṣe bíi 14 N/mm², ní ọjọ́ 28. Bí wọ́n bá fi òkúta inú ààrò yẹn po gíráòtù dáadáa, ó ń dé ibẹ̀, ó tiẹ̀ ń kọjá ibẹ̀. Títí dé ibí, Alàájì jàre.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń fi ìfúyẹ́ ṣe? Ní ìpínlẹ̀ bíi California, ilẹ̀ máa ń mì. Bí ilẹ̀ bá mì, ìwúwo ilé ni agbára tó ń gbá a ń tẹ̀ lé: bí ilé bá ṣe wúwo tó ni ìyà rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ilé alájà mélòó kan tó jẹ́ búlọ́ọ̀kù láti òkè délẹ̀, bí wọ́n bá bọ́ díẹ̀ nínú ìwúwo rẹ̀, wọ́n á rí i nínú owó róòdù àti owó ìpìlẹ̀. Ẹ̀yin ń mọ ògiri ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lẹ́yìn ilé ní Apàkẹ́.

Ó yá, ìwúwo. Búlọ́ọ̀kù náìnì íǹṣì jẹ́ 450 × 225 × 225 milimítà. Bí ara rẹ̀ bá nípọn 50 milimítà níbi gbogbo, ihò kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 150 × 125. Gíráòtù tó máa wọ inú búlọ́ọ̀kù kan kò ju lítà mẹ́jọ àti ààbọ̀ lọ. Tí ẹ bá kún gbogbo ihò pátá, mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, ẹ ó lo bíi lítà 80, tí a bá ka ti ojú ìdè amọ̀ (yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí a fi ń mọ búlọ́ọ̀kù) mọ́ ọn. Gíráòtù olókùúta máa ń wúwo tó bíi kílò 2,250 ní mítà kúbíìkì kan, ká ní èyí tó fúyẹ́ jẹ́ 1,800. Lítà 80 ti àkọ́kọ́ á jẹ́ kílò 180, ti èkejì á jẹ́ 144. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ kílò 36. Ògiri yẹn pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ rẹ̀ ti ju kílò 400 lọ dáadáa, nítorí náà ohun tí Alàájì fẹ́ bọ́ kúrò kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lóròó, mítà kan ní gígùn, kílò bíi 65 ni gbogbo rẹ̀. Kò tó àpò sìmẹ́ńtì kan àti ààbọ̀! Tí ẹ bá sì kún ihò kan, tí ẹ fo ìkejì, ẹ pín in sí méjì. Bí ilẹ̀ bá rọ̀, ẹ fẹ ìpìlẹ̀ sí i, ẹ sì gbẹ́ ẹ dé ibi tó le. Ibẹ̀ ni rírì ti ń wá.

Ẹ tún wò ó báyìí: irú ògiri yìí kò bá ìwúwo ṣọ̀tá. Iyẹ̀pẹ̀ fẹ́ tì í ṣubú, ó tún fẹ́ tì í yọ̀ síwájú. Kí ló ń dì í mú? Ìwúwo ara rẹ̀, àti ìwúwo iyẹ̀pẹ̀ tó jókòó lé apá ìpìlẹ̀ tó wọ ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń wá bí yóò ṣe fúyẹ́, ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ló ń yọ kúrò.

Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, yóò máa fi bíi 10 kN ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú gígùn ògiri yẹn. Ìyẹn tó bíi tọ́ọ̀nù kan. (Mo fi iyẹ̀pẹ̀ sí 18 kN ní mítà kúbíìkì kan, mo sì gbà pé ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀ ló ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.) Bí gíga bá di ìlọ́po méjì, agbára títì á di ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó fẹ́ ṣẹ́ ògiri nídìí á di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí ẹnikẹ́ni kan "fi kọ́ọ̀sì méjì sí i" (ìlà búlọ́ọ̀kù méjì) lórí ògiri tí a ti ṣírò tẹ́lẹ̀.

Tí omi bá wá há sẹ́yìn rẹ̀ títí dé òkè, agbára títì yẹn á ju ìlọ́po méjì lọ. Òjò oṣù kẹsàn-án kò mọ gíráòtù tó fúyẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó wúwo. Ẹ ri páìpù mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ní àlàfo mítà kan àti ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ẹ kó òkúta sẹ́yìn rẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dí i. Ẹ kọ èyí sí Alàájì ní lẹ́tà gàdàgbà.

Nípa róòdù gan-an, ibi tó dúró sí nínú ihò ṣe pàtàkì ju irú òkúta tó wà nínú gíráòtù lọ. Iyẹ̀pẹ̀ ń ti ògiri láti ẹ̀yìn, ojú ẹ̀yìn yẹn ló sì ń fà ya nídìí. Ibẹ̀ ló yẹ kí róòdù wà. Ẹ ó rí àwọn tó máa ń fi róòdù sí àárín ihò gẹ́lẹ́ nítorí pé ó rí rẹ́gí lójú. Láti àárín dé ojú iwájú jẹ́ bíi 112 milimítà. Tí ẹ bá sún un sẹ́yìn, tí ẹ fi àlàfo milimítà 13 sílẹ̀ láàárín òun àti ara búlọ́ọ̀kù kí gíráòtù lè yí i ká, á di bíi 156. Róòdù kan náà, owó kan náà, agbára ògiri láti má ṣẹ́ ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá pọ̀ sí i. Kò sí èèpo tàbí òkúta tó lè fún yín ní irú èrè bẹ́ẹ̀. Ẹ fi wáyà de róòdù kó má baà yẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń da gíráòtù.

Èyí tí ẹ wá bi wá ló kù: ṣé fífúyẹ́ lè di róòdù mú? Lè, ṣùgbọ́n kì í dì í mú tó bẹ́ẹ̀. Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń ṣírò kọnkéré fífúyẹ́ nínú ìlànà wọn, ACI 318, wọ́n lè ka agbára rẹ̀ lórí fífàya àti ìdìmú sí 0.75 ti olókùúta. Nítorí náà, ibi tí róòdù bá ti lé róòdù gbọ́dọ̀ gùn sí i. Bí róòdù 12 yín bá ń lé ara wọn ní 480 milimítà tẹ́lẹ̀, ẹ ó sọ ọ́ di 640. Ẹ rí i pé wọ́n ń fi róòdù sanwó ìfúyẹ́ náà. Ó tún máa ń tẹ̀ díẹ̀ ju olókùúta lọ kó tó dúró.

Gbogbo èyí, òkúta inú ààrò ni mò ń wí. Èèpo ẹkùrọ́ tún jìnnà sí i. Kọnkéré rẹ̀ wà, a ti pò ó, a ti fọ́ kúúbù rẹ̀, ó sì ń gba 15, 20 N/mm² bí wọ́n bá ṣètò rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n inú èèpo náà ń dán, sìmẹ́ńtì kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Epo lè ṣẹ́kù sí i. Ó tún ń mu omi gan-an, ní wákàtí 24 ó lè mu tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo ara rẹ̀. Ẹ rò ó wò: búlọ́ọ̀kù ń mu omi lára gíráòtù lọ́tùn-ún, èèpo ń mu ún lósì, gíráòtù á sì gan sáàárín ihò kó tó dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá wá bu omi sí i jù, èèpo á léfòó bíi gàrí tí omi rẹ̀ pọ̀. Lójú, ihò ti kún, àmọ́ róòdù wà nínú òfìfo nísàlẹ̀, níbi tí iyẹ̀pẹ̀ ti ń tì í jù. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Gíránáìtì tí kò ju milimítà 10 lọ ni kí ẹ rà. Kí Alàájì sì mú ẹnjiníà tó ní ìwé COREN (àjọ tó ń fún ẹnjiníà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà) kó wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, nítorí ìṣirò orí fóònù ni mo ṣe yìí, mi ò rí iyẹ̀pẹ̀ yín.

Lánlọ́ọ̀dù Sábó

Ẹnjiníà, ẹ ń dẹ́rù ba èèyàn jù. Èèpo ẹkùrọ́ ni mo fi da ilẹ̀ ilé àwọn ayálégbé mi, ó ti pẹ́, kò sán. Ohun tí alágbẹ̀dẹ fi ń dáná, tí irin ń pọ́n nínú rẹ̀, ṣé ọmọdé ni?

Ẹnjiníà Under G

Bàbá Lánlọ́ọ̀dù, ẹ kú orí ire. Tiyín lè má sán láéláé, nítorí ilẹ̀ lásán ló sùn lé. Iyẹ̀pẹ̀ gbé e láti ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn tẹ̀ ẹ́ lókè, kò sí róòdù kankan tó ń fà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń ní kí wọ́n lo èèpo sí, àti inú ògiri tí kò gbé nǹkan kan. Ògiri Bíríkìlà dúró lórí ẹsẹ̀ kan, tọ́ọ̀nù kan ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ti alágbẹ̀dẹ, òótọ́ ni, èèpo ń dáná dáadáa. Èmi kì í fẹ́ kí ohun tó ń jó dáadáa wà nínú ohun tó ń gbé ẹrù, ṣùgbọ́n èrò tèmi nìyẹn.

Bíríkìlà Apàkẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹnjiníà. Mo fi ìṣirò kílò 65 yẹn ránṣẹ́ sí Alàájì. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní kí n ra gíránáìtì, àmọ́ kí n rí i pé mo ra páìpù. Ó ti pe ẹnjiníà kan pẹ̀lú. Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé mo lè mọ ọ́n dé òkè kí n tó da gíráòtù lẹ́ẹ̀kan náà, àbí kí n máa dà á bí mo ṣe ń mọ ọ́n? Báwo ló sì ṣe yẹ kó ṣàn tó? Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fẹ́ kó ki.

Ẹnjiníà Under G

Kó ki kọ́ o! Kọnkéré orí dẹ́kì ló ń ki. Gíráòtù gbọ́dọ̀ ṣàn. Tí ẹ bá fi kónù ìdánwò oní 300 milimítà wọ̀n ọ́n, ó yẹ kó wó lulẹ̀ tó 200 sí 280. Lójú bíríkìlà, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù yóò fa èyí tó pọ̀ jù kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tó bá kù nínú ihò á sì le ju bí ẹ ṣe pò ó lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fi kúúbù onírin wọn agbára rẹ̀, ẹ ò ní rí òótọ́, irin kì í mu omi. Ọ̀nà ti ASTM C1019 ni kí ẹ lò: ẹ to búlọ́ọ̀kù yín mẹ́rin yí àyè kékeré kan ká, ẹ fi tíṣù tó nípọn tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà lẹ̀, kí òró rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, ẹ da gíráòtù sí i. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fọ́ ọ ní ọjọ́ 28.

Nípa dídà, bí ẹ bá ń fi igi tàbí róòdù gún un lọ́wọ́, ẹ má dà ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ dà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ háyà ẹ̀rọ tó ń gbọn kọnkéré, èyí tó ní orí tẹ́ẹ́rẹ́ tó lè wọ ihò. Ẹ gún un, ẹ dúró kí búlọ́ọ̀kù mu omi tirẹ̀, ẹ tún un gún kó tó le. Ìgúnkejì yẹn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ ṣe, òun ló sì ń dí àlàfo tí omi fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ róòdù. Ní ti gíga, tí ibi tí ẹ fẹ́ kún lẹ́ẹ̀kan bá ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́rin lọ, ìlànà àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí ẹ ṣí ojú ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ lè ko amọ̀ tó já bọ́ sínú rẹ̀ jáde. Tiyín jẹ́ mẹ́fà. Ẹ lè mọ ọ́n dé ìdajì, kí ẹ dà á, kí ẹ tó mọ ìyókù, kí ẹ sì bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, àmọ́ ní tèmi, màá ṣí i náà. Amọ̀ tó já bọ́ á jókòó sídìí róòdù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù, ẹ ò sì ní rí i láti òkè.

Ìyá Oníbúlọ́ọ̀kù, Ọ̀wọ́dé Ọ̀yọ́

Ní ti ojú ihò yẹn, ọ̀gá, ẹ má dúró di ìgbà tí búlọ́ọ̀kù bá gbẹ kí ẹ tó máa fi hámà lù ú, ẹ ó fọ́ ọ. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é fún yín kó fi ọ̀bẹ gé ojú kan nínú rẹ̀ bí ó ṣe ń ti móòdù bọ́, ní ìbú tí ọwọ́ lè wọ̀. Ẹ ka iye róòdù, kó ṣe iye yẹn àti méjì lé, nítorí òmíràn á wó. Kọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń wà, kí ojú tí wọ́n gé kọ sí iwájú, ẹ má jẹ́ kó kọ sí iyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá ti ko amọ̀ tán, ẹ fi pátákó dí i, ẹ fi igi tì í gbọin kí gíráòtù má baà tì í yọ.